Ihò Ara Páànù

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Mojírádé máa ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní fídíò, á ki fóònù bọ ihò ara páànù tí wọ́n fi yí ọgbà ìgbafẹ́ tuntun náà ká, kí wọ́n lè rí ibi tí iṣẹ́ dé.

Lọ́jọ́ yìí, kẹ̀kẹ́ ńlá tí yóò máa gbé èèyàn ròkè ń yí fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fa iná débẹ̀. Àga òfìfo kan lára rẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀, ó dúró gangan níwájú ihò.

"Mojí, ta ló jókòó síbẹ̀ yẹn?" Díjí bi í látinú fóònù.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ o!"

Nǹkan kan já fóònù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ láti inú ihò náà.

Lẹ́yìn páànù, ohùn Díjí ń jáde látinú fóònù: "Mojí, ojú ẹ là ń rí lójú ihò. Ta ló ń yà ẹ́?"