Lẹ́tà Ìyọ̀ǹda Ìyá Ọmọ

Káfíńtà náà gbé lẹ́tà sórí tábìlì kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró tì í, ó di okùn báàgì mú. Wákàtí kan ló kù kí ọkọ̀ òfuurufú wọn gbéra.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì yìí ń ṣe ní pápákọ̀ náà. Bí bàbá àti ìyá bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, tí ilé ẹjọ́ sì pín ìtọ́jú ọmọ fún àwọn méjèèjì, ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbé ọmọ lọ sí ìlú òkèèrè láìsí lẹ́tà ìyọ̀ǹda ẹnì kejì. Òun ló ń yẹ lẹ́tà wọ̀nyí wò. Bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ló ṣe máa ń kà wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Àyẹ̀wò.

"Ìyá mi, níbo la forí lé?" ó bi ọmọ náà.

"Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni mà. Mọ́mì mi mọ̀ sí i."

Ara fu Ìyá Àyẹ̀wò. Òun kò tíì bi í ní nǹkan kan nípa ìyá. Ó ní kí wọ́n ṣí báàgì. Aṣọ mẹ́ta ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìbí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti èsì ìdánwò ọdún méjì.

"Bọ̀dá, ṣé wọ́n máa ṣe ìdánwò níbi ìsinmi ni?"

Káfíńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. "Ẹ pe ìyá rẹ̀ mà. Nọ́ńbà wà nínú lẹ́tà."

Ó pè é. Obìnrin kan gbé e lójú ẹsẹ̀, ó ní òun ni ìyá ọmọ, òun fọwọ́ sí ìrìn àjò náà.

"Ẹ ṣé mà. Eyín wo ló yọ lẹ́nu ọmọ yín, tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?"

Ẹni yẹn pa fóònù.

"Àbúrò mi ni," káfíńtà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo ti ríṣẹ́ lọ́hùn-ún, mà. Ọ̀sẹ̀ yìí mo rí ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mi ò rí i. Ilé á wá máa wò mí. Ẹ gba tèmi rò."

"Bó ṣe yé mi tó, ẹ ò lè mọ̀," ni Ìyá Àyẹ̀wò wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ kọ́ ọmọ ní ohun tó máa sọ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Nínú mọ́tò láàárọ̀."

Ó mi orí, ó sì pe ọlọ́pàá. Ó gba nọ́ńbà ìyá gan-an lọ́wọ́ ilé ìwé ọmọ náà. Kò pẹ́ tí obìnrin náà sáré dé láti ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Ó gbá ọmọ mọ́ra. Kò tilẹ̀ rántí dúpẹ́.

Inú ọ̀gá Ìyá Àyẹ̀wò dùn débi pé ojú ẹsẹ̀ ló fọwọ́ sí ìsinmi tí Ìyá Àyẹ̀wò ti ń tọrọ láti oṣù tó kọjá.

Ní aago márùn-ún, bàbá ọmọ Ìyá Àyẹ̀wò gbé ọmọbìnrin wọn, ọlọ́dún méje, wá sílé rẹ̀. Àwọn náà ti kọ ara wọn sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ Ìyá Àyẹ̀wò ló sì kàn.

"Má fi àyẹ̀wò pa ọmọ mi o," ó ṣàwàdà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mo máa wá mú un."

"Kò burú, bàbá ọmọ mi. Ó dàbọ̀."

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ti lọ tán, Ìyá Àyẹ̀wò ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síwájú ọmọ, ó ní, "Ó yá, ká tún un ṣe: ní pápákọ̀ ìlú kejì lọ́jọ́ Ẹtì, má dárúkọ dádì ẹ o, àfi tí wọ́n bá bi ẹ́."