Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Wọ́n Gba Ife

Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn náà ṣì ń tú okùn bàtà rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó yí ife-ẹ̀yẹ ká, nígbà tí Kóòṣì Zoubir fà á sí kọ̀rọ̀ yàrá ìmúra.

"Ọmọ mi, mú ọkàn le. Ìyá rẹ jáde láyé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti sin ín ní Guelma, ìlú yín, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

"Láàárọ̀? Ẹ ti mọ̀ kí a tó wọ pápá?"

Kóòṣì wolẹ̀. "Mo mọ̀."

Ó di ọrùn aṣọ kóòṣì mú. "Ẹ sì jẹ́ kí n máa lé bọ́ọ̀lù kiri nígbà tí wọ́n ń bu erùpẹ̀ sí ìyá mi lára! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sìn yín, ẹ̀yin ọ̀dájú! Bàbá mi á gbọ́. Wọn á bá yín fà á."

Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ kóòṣì, ó pe ilé. Bàbá rẹ̀ gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, wọ́n fi ikú màmá pamọ́ fún mi!"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ," ni bàbá rẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. "Àwọn èèyàn tó wá kí wa ò jẹ́ kí n tan tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ẹ gba ife náà?"