Èènì tí Adéwọyin Fi sí Ẹ̀gbà Ọrùn Ayọ̀

Ní ìlú Iléṣà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Adéwọyin. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀yin ọmọ mi: kò lè ṣe iṣẹ́ bí oníbàárà ṣe ní kó ṣe é. Bí ẹ bá ní kó rọ yẹtí olójú kan, olójú méjì ni yóò rọ. "Èènì ni," ni yóò wí, àfi bíi pé gàárì ni wọ́n wá rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, dókítà ọ̀dọ́ kan, Morẹ́nikẹ́, mú àwòrán kan wá bá a. Ìyá Fádùnsìn, ọ̀gá àwọn dókítà ọpọlọ, fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ sì fẹ́ fi ẹ̀gbà ọrùn wúrà dá a lọ́lá. Àwòrán náà ya Adéwọyin lẹ́nu. Òrùka onígun mẹ́fà ni, ó na ọwọ́ kéékèèké méjì síwájú, ó sì ní ìrù lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń jẹ́ dópámíìnì," ni Morẹ́nikẹ́ wí. "Òun ló máa ń tú jáde nígbà tí nǹkan ayọ̀ bá ń bọ̀ lọ́nà. Ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyí. Ẹ fi iyùn pupa kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ aláró kan sí ṣóńṣó ìrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀. Bó bá ti dára, gbogbo àwa dókítà la máa ṣe tiwa lọ́dọ̀ yín."

Inú Adéwọyin dùn kọjá sísọ! Ohun tí ojú kò rí rí, òun ni yóò fi wúrà rọ ọ́ káyé rí i! Ó yọ́ wúrà, ó fà á gùn, ó tẹ̀ ẹ́, ó jó o pọ̀. Nígbà tó parí, ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìrù náà ṣófo lójú rẹ̀. Ló bá mú iyùn kẹta, ó so ó mọ́ ìrù náà nítòsí òrùka.

"Bàbá Ìfẹ́dayọ̀, wọ́n mà ní kí ẹ má fi nǹkan kún un," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ta ló ń kọ èènì? Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ."

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Bí wọ́n ṣe ṣí aṣọ lójú ẹ̀gbà ọrùn náà báyìí, ariwo ayọ̀ sọ! Ìyá Fádùnsìn gbé awò rẹ̀ sójú, ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló fi iyùn kẹta yìí sí i?"

"Èmi ni, Mà. Èènì ni."

"Ọmọ mi, èènì rẹ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹyọ kan yẹn náà ni ara wa máa ń fi kún dópámíìnì, tí yóò fi di èyí tó ń mú kí àyà wa máa lù kìkì nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Ayọ̀ ni wọ́n ní kí o gbé fún mi, ìpayà lo gbé kọ́ mi lọ́rùn!"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ti Adéwọyin, òógùn bò ó. Ó sáré yọ iyùn náà kúrò. Ìyá Fádùnsìn fi ẹ̀gbà náà sọ́rùn, ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọdé. Kíá làwọn dókítà yí Morẹ́nikẹ́ ká: "Èmi náà ń fẹ́ o! Èmi náà!"

Adéwọyin sún mọ́ wọn. Morẹ́nikẹ́ wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọwọ́ yín dára. Àmọ́ ẹni tí yóò ṣe é bí a ṣe ní kó ṣe é là ń wá."

Alágbẹ̀dẹ kan ní Òṣogbo ni wọ́n gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ dára, etí tó ń gbọ́ràn ló kù tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ohun mìíràn wà tó ti pé bó ṣe wà. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan kún un ti bà á jẹ́. Bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán yín. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.