Àdáṣe àti Kọ́kọ́rọ́ Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé ẹrù. Bí ẹrù náà tilẹ̀ fẹ́ kán an lọ́rùn, yóò ní kò wúwo. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Àdáṣe, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Àdáṣe fi ń jẹun, ṣùgbọ́n áàpù orí fóònù tó ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ló sọ ọ́ di ẹni àpéwò. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì máa ń gbàgbé oògùn. Ni Àdáṣe bá ṣe áàpù tí agogo rẹ̀ máa ń dún bí àsìkò oògùn bá tó. Ó gbé e síta fáyé: ẹni tó bá fẹ́ kó lò ó, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kó wo inú rẹ̀, kó sì mú àtúnṣe wá. Kò pẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kankan kò lè dé orí fóònù wọn láìsí kọ́kọ́rọ́ kan, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù tí Àdáṣe nìkan mọ̀.

Obìnrin apoògùn kan ládùúgbò, tó máa ń bá a yẹ orúkọ oògùn wò, kìlọ̀ fún un.

"Àbúrò mi, jẹ́ kí ẹnì kejì mọ kọ́kọ́rọ́ yìí. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti mú un dání."

"O mú un dání, àbí òun ló mú ọ?"

Àdáṣe rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ẹ̀bẹ̀ àti èébú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹnì kan ní agogo ń pariwo jù, ẹlòmíràn ní òun kì í gbọ́ ọ. Ẹnì kan ní kó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, nígbà tó yí i tán, òmíràn ń bú u pé ta ló rán an níṣẹ́. Kò sí ẹnì kan tó bi í pé, "Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ti jẹun?" Orí Àdáṣe dàrú. Ó ń dá ẹni tó béèrè àwọ̀ lóhùn nípa agogo. Níbi iṣẹ́, ó tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó fún oníbàárà, ó sì kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Ẹ pa fóònù yín, kí ẹ tún un tàn." Ọ̀gá rẹ̀ wò ó títí, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun lé e dànù.

Lọ́jọ́ kan, àjèjì kan fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yẹ kí Àdáṣe kà á láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ó gbé e sórí fóònù gbogbo ayé bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ẹnì kan kọ̀wé pé àwọn olè ń jí páásíwọ́ọ̀dù kiri. Ẹ̀rù bà á, ó yí tirẹ̀ padà sí òmíràn tó gùn tó ìlà méjì, kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ó ní orí òun ni àpótí rẹ̀. Orí tó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀!

Láti ọjọ́ kejì ni gbogbo rẹ̀ ti di rúdurùdu. Àwọn ènìyàn ń kọ̀wé pé agogo ń dún lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé àwọn ni wọn ò mọ̀ ọ́n lò ni? Àbí fóònù wọn ló bàjẹ́? Àbí àtúnṣe oṣù tó kọjá ni? Àdáṣe kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Ó kàn ń dá gbogbo wọn lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló pọ̀ jù lára rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lo oògùn lójúmọ́?"

"Iye ìgbà tí agogo rẹ bá dún ni. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, mo lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ọmọ mi á purọ́ fún mi ni?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tún dún.

Àdáṣe sáré délé. Ó rí àṣìṣe náà nínú àtúnṣe àjèjì yẹn, ìlà kan ṣoṣo ni, ó sì tún un ṣe kíá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gbé e jáde, páásíwọ́ọ̀dù kò wá sí i lórí. Ó tẹ èyí, kò gbà. Ó tẹ tọ̀hún, ó kọ̀. Ṣé nọ́ńbà ló ṣíwájú ni, àbí ọ̀rọ̀? Ó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ilẹ̀kùn tì pátápátá, kò sì sí ọ̀nà láti gba òmíràn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé àdáṣe ní í hunni. Ó pe apoògùn pẹ̀lú omijé.

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Èmi nìkan ni, ẹ̀gbọ́n."

"Háà!"

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Àdáṣe fi kọ ọ́ síta pé kí gbogbo ènìyàn yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù wọn. Àwọn kan gbọ́. Àwọn tí kò gbọ́, agogo náà ṣì ń dún létí wọn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà wálé, ọ̀pá ló fi ń rìn. Apoògùn kọ àsìkò oògùn rẹ̀ sínú bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìyá wo bébà náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, o ń rán gbogbo ayé létí. Ta lo ní kó máa rán ìwọ létí?"



Ẹ̀yin ènìyàn mi, oore ni ọkùnrin yìí fẹ́ ṣe, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbára lé, kó wá ẹnì kejì kí ó tó rẹ̀ ẹ́, kó má sì fọwọ́ sí ohun tí kò kà. Àwa náà tí à ń jẹ oore ọ̀fẹ́, kí ẹnu wa má mọ èébú nìkan. Ká máa bi ẹni tó ru ẹrù wa bóyá ọrùn ń dùn ún.