Géètì Tí Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe géètì oní-rìmóòtù sí ilé yín.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì. Kíákíá ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí ohun tí o bá rà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé yàrá rẹ. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tó kọ́lé tán, ó ní géètì tí òun yóò máa fi rìmóòtù ṣí ni òun fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ yára ju ti aládùúgbò òun lọ.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Wọ́n fi oríṣi méjì hàn wọ́n. Ọ̀kan ní ojú kékeré lára òpó, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Bí èèyàn bá wà lọ́nà, géètì á dúró, á sì padà sẹ́yìn. Èkejì kò ní ojú, àmọ́ eré rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìyàwó ní kí wọ́n mú olójú.

Kíákíá rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ń dúró de ológbò? Tèmi ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni."

Èyí tí kò ní ojú ni wọ́n rà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e sí i, fóònù ò kúrò létí ọkọ. Ìyàwó ló dúró ti oníṣẹ́, tó wo bí wọ́n ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ tú géètì kúrò lára ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀, Kíákíá lọ gbé bàbá rẹ̀ wá kí wọn. Arúgbó ni, etí rẹ̀ ò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ilé, bàbá ní kó jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀ níta kí òun na ẹsẹ̀ díẹ̀. Kíákíá wa mọ́tò wọlé. Fóònù dún, ó gbé e, ó sì tẹ rìmóòtù láìwẹ̀yìn, bàbá sì ń wọlé bọ̀ lẹ́nu géètì.

Géètì há bàbá mọ́ òpó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, Kíákíá ń tẹ rìmóòtù léraléra. Géètì á dúró, á tún tì síwájú. Ìyàwó sáré jáde láti ilé ìdáná. Kò pariwo. Ó pa iná ẹ̀rọ náà, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i.

"Ju fóònù sílẹ̀, wá bá mi fà á."

Wọ́n jọ fà á sẹ́yìn. Bàbá rọra jókòó sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó ní kò sí èyí tó ṣẹ́, ara rẹ̀ kàn wú ni. Kíákíá kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Bàbá ní kí wọ́n pè é wá.

"Ìwọ ò kú mọ́ mi lójú," bàbá wí, "èmi náà ò kú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Gbé mi lọ sílé, ebi ń pa mí."

Kíákíá rẹ́rìn-ín tomijétomijé. Lójú ọ̀nà, ó bẹ ìyàwó rẹ̀, ó ní ó ti sọ fún òun, òun ni òun ò gbọ́.

Wọ́n ní kí oníṣẹ́ wá fi ojú sẹ́ńsọ̀ sí géètì náà. Ọkọ gbé páálí òfìfo sójú ọ̀nà, ó tẹ rìmóòtù. Géètì dé ibẹ̀, ó dúró, ó padà. Ó tún un ṣe títí ìyàwó fi ní kó jẹ́ kí páálí sinmi. Bàbá ń wò wọ́n láti orí àga, ó ń jẹun.

Ẹ̀yin tèmi, kí ẹ tó béèrè bí géètì ṣe ń sáré tó, ẹ béèrè ohun tó ń dá a dúró. Kí gbogbo ará ilé mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣí i. Bí ẹni tó bá yín dé ṣọ́ọ̀bù bá sì sọ̀rọ̀, ẹ fetí sí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.