Fìlà Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ìyá aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fìlà tuntun kan bọ abẹ́ ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ tán ni oníbúrẹ́dì àdúgbò kanlẹ̀kùn. Òní ni ìgbéyàwó ọmọ oníbúrẹ́dì náà, ó wá gba ṣòkòtò tó kó fún un rán. Ó gbé búrẹ́dì ńlá kan lọ́wọ́ fún wọn.

Ìyá aránṣọ fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì. Ihò inú rẹ̀ gba ìyá eku àtọmọ ẹ̀.

"Bàbá ìyàwó, ṣé afẹ́fẹ́ lẹ dì wá fún wa ni?"

"Ìlú ló le, ìyá. Àwọn ará òkè tó ń ṣèjọba ti kó ìyẹ̀fun wa jẹ."

Ó wọ ṣòkòtò. Ṣòkòtò dé ojúgun, ó dúró síbẹ̀.

"Háà! Ọ̀pá mẹ́ta aṣọ ni mo kó fún yín o!"

Ogójì ọdún ni ìyá aránṣọ ti ń ránṣọ, ẹnikẹ́ni ò pè é lólè rí.

"Aṣọ ayé ìsìnyí ló ń súnkì. Àwọn ará òkè yẹn náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ yọ láti yàrá, ó gẹ fìlà tuntun sórí, aṣọ ṣòkòtò náà gan-an ni wọ́n fi rán an.

"Ẹ gbọ́ o! Rédíò ní wọn ó mú gbogbo àwọn tó ń ba ọrọ̀ ajé ìlú jẹ́!"

Oníbúrẹ́dì wo fìlà. Ìyá aránṣọ rọra ti búrẹ́dì oníhò síwájú rẹ̀.

"Fìlà yẹ yín, bàbá," ni oníbúrẹ́dì wí.

"Búrẹ́dì yín náà dùn," ni ìyá aránṣọ dáhùn.

Bàbá nàka sókè. "Kí wọ́n mú wọn!"

"Kí wọ́n mú wọn," ni àwọn méjèèjì gbè é, wọ́n ń wolẹ̀.