Ẹni Tó Pè Mí ní Àwẹ̀ró

Láti ìgbà tí a ti kó dé Bogotá ni Tinúadé, ọmọ mi, kò ti kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbé fún wọn kí wọ́n fẹnu kò, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Mo bá a wí títí, ó sú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun rẹ̀ tán ni fóònù ara ògiri tí olùṣọ́ géètì fi ń pè wá dún. Mo gbé e.

"Àwẹ̀ró."

Oríkì mi ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń fi pè mí ló ti kú tán.

"Àwẹ̀ró, mò ń gòkè bọ̀ o."

Mo ju fóònù sílẹ̀. Lífítì ti ń kùn bọ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, Tinúadé ti ṣílẹ̀kùn, ó rò pé bàbá òun ló dé.

Lífítì ṣí. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀.

"Tinú, wọlé kíá!"

Kò wẹ̀yìn. Ó rọra fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, mà."

Irun tí mo tú, tó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, rọra tẹ́ sílẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.